Irúgbìn Àwọn Baba Wa, àti Bí A Ti Lè Pa Á Mọ́ Láàyè



Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí kàn, mo mọ̀ pé ìtàn ogun tàbí oríkì ìlú ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Nǹkan kékeré kan ni mo gbé wá, ó sì wà nínú ìgò tí mo gbé ka orí tábìlì yìí. Òtílì ni.

Ìyá tí ó bí baba mi ni ó ń gbin òtílì yìí nígbà ayé rẹ̀. Ẹyọ rẹ̀ kéré, ó pọ́n, ó sì ní àmì dúdú bíńtín níbi ojú rẹ̀. Nígbà tí màmá àgbà sùn, a bá akèrègbè ńlá kan lórí àjà ilé ìdáná rẹ̀ tí òtílì kún inú rẹ̀ dé ọrùn. Mo gbé akèrègbè náà wá sí ilé mi ní ìgboro, mo gbé e sínú yàrá ẹrù tí páànù bo orí rẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ó wù mí láti gbìn ín, mo ro ilẹ̀, mo kọ ebè, òjò sì rọ̀ dáadáa. Ẹyọ kan ṣoṣo kò hù. Mo ranṣẹ́ sí abúlé pé kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ra ẹ̀wà jẹ lọ́jà. Mo ranṣẹ́ sí abúlé kejì àti ìkẹta. Ìdáhùn kan náà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò màmá àgbà ni ó yọ wá. Ó ní ìgò kékeré kan ń bẹ nísàlẹ̀ ibùsùn òun, tí òun da òtílì sí pẹ̀lú eérú gbígbẹ, tí òun sì fi ìda dí ẹnu rẹ̀ pa, ní ọdún kan náà tí wọ́n kó ti inú akèrègbè. Ogójì ẹyọ ni a kà nínú rẹ̀. Méje hù. Àwọn ọmọ méje náà ni ẹ ń wò nínú ìgò yìí.

Kí ni ó pa ti inú akèrègbè tí kò pa ti inú ìgò? Oko kan náà ni wọ́n ti wá, ọdún kan náà ni wọ́n sì kó wọn. Ìbéèrè yìí ni ó lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ohun abẹ̀mí ni irúgbìn. Bí ẹ bá rẹ ẹyọ ẹ̀wà kan sómi, tí ẹ sì là á sí méjì, ẹ ó rí ọmọ kékeré kan tí ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan: gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìyókù ẹyọ náà sì ni oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un fún ìrìn àjò. Nígbà tí irúgbìn bá gbẹ tán pátápátá, ọmọ yìí á sùn. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, tí kò sì tó èyí tí yóò mú un hù, kò ní sùn, kò sì ní jí. Á máa gbó lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé rẹ̀ títí yóò fi kú, a kò sì ní mọ̀, nítorí pé ojú lásán kò lè mọ irúgbìn tí ó ti kú yàtọ̀ sí èyí tí ó wà láàyè. Ooru á sì máa mú ìgbó náà yára.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Harrington ṣe ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí ọmọdé lè fi sọ́kàn. Ó ní bí ọ̀rinrin inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dínkù, ọjọ́ ayé irúgbìn náà yóò di ìlọ́po méjì. Bí ooru ibi tí a gbé e sí bá sì fi digirí 5 dínkù, yóò tún di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní irúgbìn kan ní ọ̀rinrin ìdá 14, tí ó wà nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ digirí 30, tí kò sì lè ju oṣù 6 lọ láàyè. Bí a bá sá a títí ọ̀rinrin rẹ̀ fi di ìdá 10, ọjọ́ ayé rẹ̀ ti di ìlọ́po 16. Bí a bá tún gbé e lọ síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ digirí 20, ìlọ́po 16 náà á di 64. Oṣù 6 lọ́nà 64 jẹ́ ọdún 32. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n gbà-bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá irúgbìn tí ó tutù jù mu, bẹ́ẹ̀ ni kò bá èyí tí ó ti gbẹ kọjá ìdá 5 mu. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akèrègbè mi fún mi. Lábẹ́ páànù, ooru ọ̀sán ń sè é lójoojúmọ́. Nígbà ọyẹ́ ó ń gbẹ. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ń gba ara akèrègbè àti ẹnu rẹ̀ tí a kò dí wọlé, ó sì ń mu ọ̀rinrin padà. Ìgò ìyá àgbà wà nínú òkùnkùn nísàlẹ̀ ibùsùn, eérú sì ń fa omi inú rẹ̀ mu.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé àwọn baba wa kò mọ ìpamọ́ irúgbìn ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n so àgbàdo mọ́ra tòun ti háhá rẹ̀ sórí ààrò, èéfín sì ń lé kòkòrò jìnnà sí i. Wọ́n po ẹ̀wà mọ́ eérú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwọn tí ń yin àtijọ́ láìwò ó kì í fẹ́ gbọ́: a kò ṣe àjà orí ààrò fún ọdún mẹ́jọ. Láti ìkórè dé òjò àkọ́rọ̀ ni a ṣe é fún. Inú oko gan-an ni àwọn baba wa ń pa irúgbìn mọ́ sí, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Àwa tí a kò gbìn ín mọ́ ni a gbé àjà lé lọ́wọ́ ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí, a kò tilẹ̀ ní àjà ọ̀hún mọ́. Gáàsì ni a fi ń dáná, ilé ìdáná wa kò sì ní èéfín.

Báwo ni irúgbìn ti lè pẹ́ tó? Ní ọdún 1879, olùkọ́ kan ní Michigan ní Amẹ́ríkà, William James Beal, kó irúgbìn oríṣi 21 jọ, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ èpò. Ó ka 50 nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ó pò wọ́n mọ́ iyanrìn tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó rọ wọ́n sínú ìgò 20, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìdojúdé kí omi má baà dúró sínú wọn. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni iye ọdún tí àgbẹ̀ yóò fi máa tu èpò kí irúgbìn inú ilẹ̀ tó tán. (Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń hú ìgò kan ní ìbẹ̀rẹ̀; lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn èyí ogún ọdún, kí iṣẹ́ náà lè pẹ́. Beal kú, àwọn tí ó gbé e lé lọ́wọ́ kú, àwọn mìíràn sì gbà á. Ní ọdún 2021 wọ́n hú ìgò kan lóru, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má baà jí irúgbìn náà ṣáájú àkókò. Ogún nínú rẹ̀ hù lẹ́yìn ohun tí ó ju 140 ọdún lọ. Ọdún 2100 ni wọ́n dá pé wọn yóò hú èyí tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí yóò hú u kò ì tí ì di ẹni tí a mọ̀.

Èyí tí ó tún ya ènìyàn lẹ́nu ju èyí lọ ni ti òkè Masada lẹ́bàá Òkun Iyọ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1963 àti 1965, wọ́n rí èkùrọ́ èso ọ̀pẹ déètì tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Ó wà nínú àpótí fún nǹkan bí ogójì ọdún kí dókítà obìnrin kan, Sarah Sallon, tó bẹ̀bẹ̀ fún díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2005, Elaine Solowey gbin mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná kí èèpo wọn lè rọ̀, ó tún rẹ wọ́n sínú oògùn tí ń mú irúgbìn hù àti sínú omi ajílẹ̀. Ọ̀kan hù. Wọ́n sọ ọ́ ní Mètúsélà. Lẹ́yìn náà wọ́n hu àwọn mìíràn láti inú irúgbìn àtijọ́ agbègbè náà, abo wà nínú wọn, ní ọdún 2020 a sì ká èso lórí abo tí Mètúsélà gbà lóyún. Ẹ wo ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀: aginjù tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ rọ̀.

Nítorí náà ẹ má gba gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ gbọ́. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé àlìkámà tí a bá nínú ibojì àwọn Fáráò hù. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Gbogbo àlìkámà ibojì tí a dán wò bí ó ti yẹ ni ó ti kú. Èyí tí ó hù, ọkà tuntun ni a ti fi kún un.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, nítorí pé ọwọ́ yín ni ó wà jù. Ẹ kò gbọ́dọ̀ sá obì tí ẹ fẹ́ gbìn. Ìdí kan náà ni a fi ń tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀ obì: bí obì bá gbẹ, ọmọ inú rẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kòkó, bẹ́ẹ̀ náà ni orógbó. Kòkó kò tilẹ̀ fẹ́ òtútù; ẹni tí ó bá gbé irúgbìn kòkó sínú fíríìjì ti pa á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè pa irú wọn mọ́ ni kí a máa gbìn wọ́n, kí igi wọn máa bẹ lórí ilẹ̀. Iṣu pẹ̀lú kò ṣe é pa mọ́ sínú ìgò bí ẹ̀wà, nítorí pé iṣu ni a fi ń gbin iṣu. Ohun tí mo ń sọ lónìí kan àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà gbogbo, òtílì, sèsé, ilá, ata, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹ̀gúsí.

Wàyí o, bí a ó ti ṣe é. Kó irúgbìn láti ara èyí tí ó gbó dáadáa lórí igi rẹ̀, sì kó o láti ara ọ̀pọ̀ igi, má ṣe mú ti igi kan. Ìgbà ọyẹ́ ni kí o sá a, ní abẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, lórí ẹní. Má ṣe sá a sórí páànù ní ọ̀sán gangan, nítorí pé ooru ibẹ̀ lè pa á. Láti mọ̀ bí ó bá ti gbẹ, bu ìwọ̀nba rẹ̀ sínú ìgò tí ó gbẹ, bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, dí i, kí o sì gbọ̀n ọ́n fún ìgbà díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti kúrò ní irúgbìn tútù, ṣùgbọ́n fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kí ó tún gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ìrẹsì wúlò: yan ìrẹsì nínú agbada gbígbẹ títí yóò fi pọ́n, jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí a dé, di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí o sì gbé e sínú ìgò pẹ̀lú irúgbìn. Yóò máa fa omi mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pààrọ̀ rẹ̀. Eérú gbígbẹ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì ń bá wa ká kòkòrò lọ́wọ́ kò.

Ìgò onígíláàsì tí ìdérí rẹ̀ le ni ó dára jù. Ọ̀rá àti akèrègbè kò tó. Kọ orúkọ irúgbìn náà sí ara ìgò, orúkọ abúlé tí ó ti wá, orúkọ ẹni tí ó fún ọ, àti ọdún. Ẹni tí kò kọ ọ́ yóò máa fi ọwọ́ họ orí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí fíríìjì bá wà, gbé e sínú rẹ̀. Bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, kò ní pa á lára bí ó bá ti gbẹ tí a sì dí i pa. Ìgbà tí o bá gbé e jáde, má ṣe ṣí i títí yóò fi gba ooru yàrá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì yóò sẹ̀ sí i lára.

Ní ọdún méjì méjì, ka ẹyọ díẹ̀, wé e sínú aṣọ tútù, kí o sì wo iye tí yóò hù. Bí iye náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, má ṣe dúró dè é. Gbìn ín ní òjò tí ń bọ̀, kí o kórè tuntun. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé ìpamọ́ túmọ̀ sí àìfọwọ́kàn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé irúgbìn àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ, tí ó kù díẹ̀, tí o kò sì ní òmíràn, má ṣe jù ú sínú omi lẹ́sẹ̀kan náà. Irúgbìn tí ó ti gbó tí ó sì gbẹ kì í lè gba omi lójijì. Ara inú rẹ̀ a máa ya. Gbé e sórí àwo nínú ohun tí a dé, pẹ̀lú aṣọ tútù lẹ́bàá rẹ̀ tí kò kàn án, fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó máa fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wé e sínú aṣọ tútù, níbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sì ní sùúrù, nítorí pé ẹyọ tí ó gbó a máa pẹ́ hù. Èyí tí kò hù ní ọjọ́ karùn-ún lè hù ní ọjọ́ kẹẹ̀dógún. Irúgbìn mìíràn kò kú rárá, èèpo rẹ̀ ni ó le. Igi igbá tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú jẹ́ bẹ́ẹ̀: omi gbígbóná ni a máa ń dà sí i, tàbí kí a ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà wọlé. Ooru gan-an ni ọ̀pẹ ń fẹ́. Àwọn tí ń hù ú ní ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá ìlú Bìní máa ń fi sínú ooru bí digirí 40 fún nǹkan bí 80 ọjọ́ kí ó tó jí.

Ó lè dà bí ẹni pé nǹkan kékeré ni mo ń fi gba àkókò yín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn ará Jámánì sé ìlú Leningrad ní Rọ́ṣíà mọ́, ìsémọ́ náà kò sì tán títí di oṣù kìíní ọdún 1944. Ilé ìpamọ́ irúgbìn kan wà níbẹ̀ tí Nikolai Vavilov fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìjọba rẹ̀ ti sọ Vavilov fúnra rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1940, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1943. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ti irúgbìn náà. Ebi ń pa ìlú, wọ́n ń kú ní ìgboro, ìrẹsì àti ẹ̀pà àti ọkà sì kún yàrá tí wọ́n ń ṣọ́. Wọn kò jẹ ẹ́. Dmitri Ivanov tí ń tọ́jú ìrẹsì kú nínú ebi, Alexander Shchukin tí ń tọ́jú ẹ̀pà kú pẹ̀lú, àti àwọn mìíràn. Mo ti rò ó títí: bí ó bá jẹ́ èmi ni, pẹ̀lú ọmọ nílé, kò dá mi lójú pé n ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ayé tiwa yìí, ilé ìwádìí kan tí ń jẹ́ ICARDA ní ilé ìpamọ́ lẹ́bàá Aleppo ní Síríà. Ogun dé, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀dà irúgbìn wọn ránṣẹ́ sí ilé tí a gbẹ́ sínú òkè ní Svalbard ní Nọ́wè, èyí tí a ṣí ní ọdún 2008, tí òtútù inú rẹ̀ jẹ́ digirí 18 nísàlẹ̀ òdo. Ní 2015 wọ́n lọ gbà á padà, wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà síbẹ̀.

A kò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí IITA tí a dá sílẹ̀ ní 1967 ní oríṣi ẹ̀wà tí ó ju 15,000 lọ nínú òtútù, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà ní Svalbard. Ilé ìpamọ́ ti ìjọba, NACGRAB, wà ní Moor Plantation ní ìlú kan náà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ìpamọ́ kò lè pa ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá fún un mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé, ta ni ìbá gbé òtílì màmá àgbà lọ síbẹ̀, nígbà tí èmi ọmọ rẹ̀ gbé e sábẹ́ páànù?

Nítorí náà mo gbé àbá kan síwájú Ẹgbẹ́. Kí ọmọ Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí abúlé baba rẹ̀ kí ọyẹ́ tí ń bọ̀ tó tán, kí ó bi àwọn ìyá àgbà léèrè irúgbìn tí wọ́n ṣì ní, kí ó sì mú ìgò méjì wá: ọ̀kan fún fíríìjì tí a ó rà sí gbọ̀ngàn yìí, ọ̀kan tí Akọ̀wé yóò gbé lọ sí Ìbàdàn. Mo bẹ ẹ̀yin Kábíyèsí pé kí ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn baálẹ̀ yín, nítorí pé ohun tí ẹ bá wí ni wọn yóò gbọ́.

Mo ti di òtílì yìí sínú ìdì méjìlá, ẹyọ ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ ni kí ó mú un, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì dá ogójì padà fún mi lẹ́yìn ìkórè.